Nígbà Tí Ẹja Inú Táńkì Bá Fara Pa: Ohun Tó Ń Wò Ó Sàn Gan-an

Bí ẹja inú gíláàsì bá fò jáde bọ́ sórí táìlì, tàbí tí òkúta inú táńkì bá wó lù ú, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín ni pé: "Kí ni kí n fi sójú ọgbẹ́ ẹ̀?" Ìbéèrè tó bójú mu ni, torí ohun tí à ń ṣe fún ọmọ tó ṣubú náà nìyẹn. A ó fọ ojú ọgbẹ́, a ó fi oògùn sí i, a ó dì í. Ṣùgbọ́n inú omi ni ẹja ń gbé. Inú omi náà ló ti ń mí, inú rẹ̀ ló ń tọ̀ sí, omi yìí kan náà ló sì yí ọgbẹ́ rẹ̀ ká tọ̀sán tòru. Oògùn yòówù kẹ́ ẹ fi pa á lára, omi á ṣàn án lọ. Ara ẹja fúnra rẹ̀ ló mọ bó ṣe máa dí ojú ọgbẹ́ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí a ṣe rò lọ: bí ọgbẹ́ kò bá jinlẹ̀, awọ tuntun tó fẹ́lẹ́ lè bò ó láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ohun tó ń bẹ̀ wá pé ká ṣe kò ju pé ká jẹ́ kí omi rẹ̀ dára, ká sì fi í sílẹ̀ ní ìsinmi. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kùnà nìyẹn, torí pé bí àyà bá ti já, ọwọ́ kì í fẹ́ dúró jẹ́ẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ẹja lásán ni, pé kí ni gbogbo wàhálà yìí lórí ohun tá à ń fi se ọbẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland gbé ìwádìí kan jáde lórí ẹja trout. Wọ́n rí i pé àwọn iṣan ìmọ̀lára wà ní orí ẹja yìí tó ń jíṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ ibẹ̀, tí wọ́n bá fi ooru kàn án tàbí tí wọ́n kán ásíìdì sí i, irú iṣan tó ń jẹ́ kí àwa náà mọ̀ pé nǹkan ń pa wá lára. Ẹja tí ọmọ yín ń kí láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé ń jẹ ìrora bó bá fara pa, ó sì yẹ ká tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má fi ọwọ́ gbígbẹ gbé e. Gbogbo wa la mọ̀ pé ara ẹja máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń yọ̀ yẹn ni ààbò rẹ̀ àkọ́kọ́: kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè dì mọ́ awọ rẹ̀, ó sì ń dín omi tó ń wọ inú ara rẹ̀ kù. Ọwọ́ gbígbẹ, aṣọ ìnura gbígbẹ tàbí pépà máa ń bó o kúrò. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi táńkì ná, tàbí kẹ́ ẹ fi abọ́ pẹlẹbẹ rọra gbá ẹja náà sínú. Bí erùpẹ̀, irun tàbí fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ má fi èékánná họ ọ́. Ẹ bu omi táńkì sínú abọ́, kẹ́ ẹ gbé ẹja sí i, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí náà á já fúnra rẹ̀.

Lábẹ́ ìdérí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì orí ẹja ni àwọn ohun pupa tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń mí wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tún ẹja ṣe ní kíṣìnnì rí mọ̀ wọ́n. Nínú omi, wọ́n máa ń tàn kálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gba afẹ́fẹ́ oxygen lára omi tó ń kọjá láàárín wọn. Bí ẹja bá kúrò nínú omi, wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi ń kú fún àìrí èémí mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló yí i ká. Bí wọn ò bá tíì gbẹ, wọ́n á tún tàn ní kété tó bá padà sómi.

Nítorí náà, ẹ má sáré sọ pé ó ti kú torí pé kò mira. Ẹ gbé e sínú omi, kẹ́ ẹ wo ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ohun mìíràn tẹ́ ẹ tún lè wò ni ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rọra dà á fẹ̀gbẹ́ lé, ojú ẹja tó ṣì wà láàyè máa ń yí láti dúró déédéé. Ojú ẹja tó ti kú á bá orí lọ ni. Bó bá ṣì wà láàyè, ẹ fọwọ́ tútù gbé e dúró lóòró, kẹ́ ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ti ń tú jáde. Ẹ má máa fà á síwájú sẹ́yìn bí mo ti ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Ẹnu ni omi ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ orí ló ń gbà jáde. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, ọ̀nà òdì lẹ ń ti omi gbà.

Irú ẹja tẹ́ ẹ ní tún wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i láàyè nínú báàfù tí omi inú rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́jà, tó sì ń jà fitafita. Ẹja betta àti gourami náà ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Goldfish kò ní in, ẹ̀pìyà kò ní in. Ẹni tó bá bá betta nílẹ̀ ní ìrètí tó pọ̀ ju ẹni tó bá goldfish lọ, bó bá jẹ́ pé iye àkókò kan náà ni àwọn méjèèjì lò lórí táìlì.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú omi

Bí ẹja bá ti wà nínú omi tó ń mí, ohun tó kàn ni pé kẹ́ ẹ pa iná táńkì tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ sì má fún un ní oúnjẹ títí di ọjọ́ kejì. Kò ní pa á. Ẹja tó ti dàgbà tára rẹ̀ le lè lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, àmọ́ oúnjẹ tí kò jẹ á jẹrà, á sì ba omi jẹ́.

Ṣé ká yọ ọ́ sọ́tọ̀? Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé ká gbé e lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Lójú tèmi, bí omi táńkì bá dára, tí ẹja tó kù kò sì máa ṣá a lẹ́nu, ẹ fi í síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣá a, ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ike oníhò há a mọ́ igun kan nínú táńkì kan náà. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni àmóníà.

Ẹja máa ń tú àmóníà jáde látinú ara rẹ̀, ibi tó fi ń mí ló sì ń gbà tú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ jáde. Àmóníà yìí ń jó awọ ẹja àti ẹ̀yà ìmí rẹ̀. Nínú táńkì tó ti pẹ́ díẹ̀, àwọn bakitéríà kan ti fi fóòmù ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ṣe ilé. Àwọn ló ń sọ àmóníà di ohun mìíràn tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní bakitéríà wọ̀nyí. Ẹja tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀ kó lè sinmi á bẹ̀rẹ̀ sí í mí ìdọ̀tí ara rẹ̀, àmóníà á sì máa le sí i bí omi bá ṣe ń móoru. Omi ìlú Ìbàdàn kì í sì í tutù. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ yọ ẹja sọ́tọ̀, ẹ gé díẹ̀ lára fóòmù inú táńkì rẹ̀ sínú ibi tuntun náà, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì omi ibẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ti táńkì ńlá, ìdá kan nínú mẹ́rin lójúmọ́ kan sí méjì ti tó. Ẹ má da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan. Omi tó yí padà lójijì ní ìgbóná, ní pH (bí omi ṣe kan sí) tàbí ní iyọ̀ jẹ́ ìjàǹbá kejì fún ẹja tí kò tíì bọ́ nínú àkọ́kọ́. Ẹ má sì fi ọṣẹ fọ fóòmù yẹn, ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́; ẹ fún un nínú omi tẹ́ ẹ bù látinú táńkì fúnra rẹ̀.

Ibo wá ni omi tẹ́ ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ ti wá? Lórí èyí, ó yẹ ká fara balẹ̀, torí pé omi kọ̀ọ̀kan tí à ń lò ní Ìbàdàn ló ní ìwà tirẹ̀.

Omi ìjọba, èyí tó ń wá láti ìdídò Elẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe lórí Odò Ọ̀nà lọ́dún 1942, tàbí láti Asejire lórí Odò Ọ̀ṣun, ni wọ́n máa ń fi kílórínì sí kó lè dára fún wa láti mu. Ohun tó ń pa kòkòrò nínú omi yẹn náà ló ń ba ẹ̀yà ìmí ẹja jẹ́. Ẹ pọn ọ́n sínú garawa ẹlẹ́nu gbẹ̀ǹgbẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láìdé fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kílórínì á fẹ́ lọ. Irú rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ chloramine tí kì í fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Fún ìyẹn, àti fún ẹni tí kò lè dúró di ọ̀la, àwọn tó ń ta ẹja táńkì máa ń ní oògùn tó ń pa kílórínì, èyí tí sodium thiosulfate sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Omi bọ́hóòlù kò ní kílórínì, ìyẹn ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde lè má ní oxygen tó, àwọn gáàsì mìíràn sì lè pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, tàbí kẹ́ ẹ máa dà á látinú garawa kan sí èkejì títí tó fi máa hó dáadáa. Bó bá jẹ́ irú èyí tó mọ́ lóló nígbà tẹ́ ẹ pọn ọ́n, tó wá pọ́n bí ìpẹtà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, irin ló wà nínú rẹ̀, irin yẹn sì lè lọ jókòó sórí ẹ̀yà ìmí ẹja. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wá bu ti òkè. Ní ti kànga, bó bá sún mọ́ ṣáláńgá tàbí gọ́tà, ẹ wá omi ibòmíràn lọ fún ẹja tó ní ọgbẹ́ lára.

Omi òjò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Ó mọ́ lójú, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n orí páànù ló gbà wá, ta ni kò sì mọ òrùlé Ìbàdàn? Síńkì tí wọ́n fi bo páànù máa ń yòrò sínú omi òjò, síńkì jẹ́ májèlé fún ẹja, omi tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì tún ń jẹ́ kí májèlé náà le sí i. Omi òjò tó dára fún aṣọ fífọ̀ lè pa goldfish.

Ooru náà wà níbẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni oxygen tó lè gbé mọ́ra ń dín kù: omi tó wà ní 20°C lè gbé bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan, èyí tó wà ní 30°C kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ẹja tó fara pa nílò oxygen ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí oòrùn bá mú, tí wọ́n sì mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi dúró nìyẹn. Ẹ gbé táńkì kúrò níbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń bà á. Ẹ wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, ó ń bẹ níta. Bí kò bá sí, ẹ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi táńkì, kẹ́ ẹ máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ tún padà ṣe é láìpẹ́. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo ti rí ẹja tí irú ìtọ́jú báyìí mú la òru kan kọjá.

Iyọ̀: ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù. Ẹnìkan á ní ó ń pa kòkòrò, ẹlòmíràn á ní ẹja omi dídùn kò gbọ́dọ̀ rí iyọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ́n iyọ̀ sára ìgbín rí mọ̀ pé omi máa ń tú jáde lára rẹ̀. Omi máa ń fi ibi tí iyọ̀ kò pọ̀ sí lọ síbi tó pọ̀ sí. Iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja tó bọ́ bíi gíráàmù 9 sí lítà kan; omi dídùn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ní ju bín-íntín lọ. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, omi ń wọ́ wọ inú ara ẹja, iyọ̀ ara rẹ̀ sì ń jò jáde. Kíndìnrín rẹ̀ kò sinmi, ìtọ̀ ló ń tọ̀ ṣáá láti lé omi yẹn jáde. Nígbà tí ẹja wà ní àlàáfíà, ìpẹ́ rẹ̀, awọ rẹ̀ àti ohun yíyọ̀ tó bò ó ń bá a dí ọ̀nà. Bí ìpẹ́ bá ti já, tí awọ sì ti bó, ọ̀nà ti là. Omi á máa ya wọlé níbi ọgbẹ́, iyọ̀ á máa jò lọ, agbára tó yẹ kó fi hu awọ tuntun á sì bá omi lílé lọ.

Bí a bá fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti omi á dín kù, iṣẹ́ kíndìnrín á fúyẹ́. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1 sí 3 sí lítà omi kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ṣíbí tíì kan tí iyọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ bíi gíráàmù 6. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó gba lítà 20 á gba ṣíbí mẹ́ta àti díẹ̀ láti di gíráàmù 1 sí lítà kan; ṣíbí mẹ́wàá ló máa di gíráàmù 3. Bí ẹ kò bá mọ iye tí táńkì yín gbà, pure water lè jẹ́ òṣùwọ̀n: ọ̀rá kan jẹ́ 50cl, ogún nínú àpò kan sì jẹ́ lítà 10.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 1. Ẹ pò ó mọ́ omi táńkì nínú abọ́ títí tó fi yòrò, kẹ́ ẹ wá máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ẹja bá gbà á, ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ kejì. Àwọn ẹja kan kò fẹ́ iyọ̀ púpọ̀, pàápàá tetra àti corydoras. Fún ìwọ̀nyí, gíráàmù 1 ti tó. Ewéko inú táńkì náà kì í fara dà á, ẹ yọ wọ́n síta. Ohun kan tún wà tó ń dá ọ̀pọ̀ lágara: iyọ̀ kì í bá omi fẹ́ lọ. Bí omi bá fà nítorí ooru, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi dí i. Kìkì ìgbà tẹ́ ẹ bá bu omi jáde ni iyọ̀ ń bá a lọ, iye tó bá sì bá a lọ nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà. Ẹni tó bá ń da ṣíbí iyọ̀ sí i lójoojúmọ́ láìbu omi kúrò ń sọ táńkì rẹ̀ di òkun.

Iyọ̀ ìsebẹ̀ tó wà ní kíṣìnnì yín ti tó. Àwọn kan ń bẹ̀rù áyódíìnì tí wọ́n ń fi sí iyọ̀ lórílẹ̀-èdè wa kí gẹ̀gẹ̀ má bàa mú wa; kò pọ̀ tó ohun tó lè pa ẹja lára ní ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí. Èyí tí wọ́n bá fi èròjà amóúnjẹ-dùn sí ni kẹ́ ẹ má lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì bu iyọ̀ gbígbẹ lé ojú ọgbẹ́ ẹja. Á jó o, á sì tún bó awọ tó ń hù níbẹ̀.

Kápúsù, ewé àti òróró

Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹja ń ṣàárẹ̀, ọmọ ń sunkún, ilé oògùn wà ní ìkòríta. Ẹ ó ra tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, ẹ ó ṣí kápúsù rẹ̀, ẹ ó dà á sínú omi. Ọgbẹ́ tó mọ́ kò nílò rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, káṣíọ́ọ̀mù àti magnẹ́síọ́ọ̀mù tó wà nínú omi tó le máa ń so mọ́ tetracycline, agbára rẹ̀ á sì dín kù gan-an kó tó dé ara ẹja. Oògùn apakòkòrò mìíràn sì lè pa àwọn bakitéríà inú fóòmù tó ń bá yín jẹ àmóníà, ẹja á wá wà láàárín ọgbẹ́ àti májèlé. Èyí tó kù nínú oògùn náà á bá omi lọ sí gọ́tà, níbi tí àwọn kòkòrò ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe borí oògùn tí àwa èèyàn náà ń lò.

Àdí, òrí, epo pupa: rárá. Òróró á léfòó, á bo ojú omi, kò sì ní jẹ́ kí oxygen wọlé dáadáa. Ní ti ewé àti àgbo, ẹ rántí pé àwọn ewé kan wà tí àwọn apẹja ayé àtijọ́ ń gún sínú odò láti fi pa ẹja. Ewé tó ń wo ara wa sàn lè jẹ́ ikú fún ohun tó ń mí inú omi.

Ohun tó ń dẹ́rù bani tí kò sì léwu, àti èyí tó léwu

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, goldfish tó fara pa lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì dúdú níbi tí ìpẹ́ ti já. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ara rẹ̀ ti ń rà. Àwọ̀ dúdú tó ń wá síbi tí awọ ti ń jiná ni, ó sì sábà máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ pé àmóníà ló ti jó o tẹ́lẹ̀ tí ibẹ̀ ń san báyìí, nítorí náà ẹ tún omi yẹn yẹ̀ wò. Bí lẹbẹ tàbí ìrù bá ya, etí rẹ̀ tó ń hù padà máa ń funfun tàbí kó mọ́ gaara; ẹran ara tuntun ni, àwọ̀ á wá bá a lẹ́yìn. Lẹbẹ máa ń hù padà bí ìdí rẹ̀ kò bá tíì bàjẹ́. Ìpẹ́ náà ń hù, ó kàn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ sì lè má bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹja tó fọ́ ojú kan lè gbé ayé rẹ̀ dáadáa.

Bó bá ń wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tó ń fi orí rìn lẹ́yìn tó ṣubú, ó ṣeé ṣe kí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, èyí tó fi ń dúró déédéé nínú omi, ti ní ìṣòro. Ẹ dín ìjìnlẹ̀ omi kù kó má bàa máa jìjàkadì láti dé òkè, kẹ́ ẹ sì fún un lọ́jọ́ mélòó kan.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa ni ohun funfun tó dà bí òwú lórí ọgbẹ́. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ pátápátá ló ń jọra níbí. Ọ̀kan jọ ti ìdílé olú àmọ́ kì í ṣe olú gan-an, Saprolegnia lorúkọ rẹ̀; omi tó tutù ló fẹ́ràn jù, ó sì sábà máa ń gùn bí irun. Èkejì jẹ́ bakitéríà, Flavobacterium columnare, tó máa ń kúrú, tí etí rẹ̀ lè pọ́n bí ọsàn tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì máa ń sáré nínú omi gbígbóná. Pẹ̀lú ooru ìlú wa, èkejì yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bó bá ń fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ kan. Oògùn ọ̀kan kò ran èkejì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tó yẹ ká máa méfò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilà pupa tó ń tàn kiri ara ẹja, ìpẹ́ tó ń dìde sókè pẹ̀lú ikùn wíwú, tàbí ojú méjèèjì tó yọ síta. Bó jẹ́ ojú kan ló wú, ó lè jẹ́ ìjàǹbá yẹn ló ṣe é. Bó jẹ́ méjèèjì, àìsàn ti wọ inú ara.

Nígbà yẹn, ẹ wá dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja àti iṣẹ́ ọ̀sìn ẹja náà sì wà nínú ọgbà yẹn. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ya fídíò ẹja náà bó ṣe ń wẹ̀, kẹ́ ẹ sì bu omi táńkì sínú ìgò tó mọ́ lọ́tọ̀. Omi yẹn lè wúlò fún dókítà ju ohun tẹ́ ẹ máa sọ lẹ́nu lọ.

Ìgbà mìíràn wà tí kò ní sí àtúnṣe: ọgbẹ́ ti já wọ inú ikùn, tàbí ẹja ti dùbúlẹ̀ fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láìjẹun. Ẹ má dà á sínú ṣáláńgá láàyè, ẹ má gbé e sínú fìrísà. Òróró kànáfùrù ló ń mú un sùn láìsí ìrora: ẹ mi mílílítà 1 pọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ nínú ìgò kékeré títí tó fi máa funfun, kẹ́ ẹ dà á sínú lítà 2 omi táńkì tí ẹja náà wà nínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ sùn, lẹ́yìn náà ni ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ á dúró. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí sí i lẹ́yìn tó bá ti dúró. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín dá sí ìpinnu yìí bó bá ṣeé ṣe, ẹ má sì parọ́ fún ọmọ pé ẹja lọ sí ìrìn-àjò.

Fún ẹja tó ń gbádùn, ohun tó kù ni pé kẹ́ ẹ mọ ohun tó lé e jáde. Ẹja kì í kàn fò jáde lásán. Omi tó ti bàjẹ́ máa ń lé e, ẹja ńlá tó ń lépa kékeré máa ń lé e, iná tó ṣàdédé tàn lójú rẹ̀ lóru tàbí jẹnẹrétọ̀ tó bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè já a láyà. Ẹ tún èyí tó bá jẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí omi fi bí ìka mẹ́rin relẹ̀ sí etí gíláàsì, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó nà dáadáa bo ẹnu rẹ̀ bí kò bá ní ìdérí. Bó bá ní, ẹ wo igun tí wáyà àti rọ́bà afẹ́fẹ́ gbà wọlé, torí ihò tó gba ìka méjì ti tó fún betta láti gbà jáde. Ẹ gé fóòmù sí ìwọ̀n ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi dí i.